Ọwọ́ Aláró: Bí Ẹ̀kọ́ Fòrẹ́nsíìkì Ṣe Rí ní Yunifásítì

Aláró tó bá rẹ aṣọ láàárọ̀ ní Òṣogbo, kò sí bó ṣe lè fi ọwọ́ pamọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú. Bó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, aró á ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Tó bá dé ọjà láti ra ata, aró díẹ̀ lè bá owó lọ sọ́wọ́ aláta, eruku ata náà á sì bá òun wálé. Orí èyí gan-an ni fòrẹ́nsíìkì, ìyẹn lílo sáyẹ́ǹsì láti yẹ ẹ̀rí wò fún kóòtù, dúró lé. Edmond Locard, ará Faransé tó dá ilé àyẹ̀wò sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá ìlú Lyon ní 1910, ló sọ ọ́ di ìlànà: ẹni tó bá wọ ibì kan, á fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀, á sì mú nǹkan kúrò níbẹ̀.

Fíìmù ló mú ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń parí girama nífẹ̀ẹ́ sí ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n rò pé ẹni tó bá kọ́ ọ ni yóò máa lé ọ̀daràn kiri. Iṣẹ́ ọlọ́pàá nìyẹn. Onísáyẹ́ǹsì ni ẹni tó kọ́ fòrẹ́nsíìkì. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú láàbù ló wà, ohun tí wọ́n bá kó wá fún un ló ń yẹ̀ wò, adájọ́ ló sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún.

Nítorí náà, ọ̀nà ibẹ̀ gba inú sáyẹ́ǹsì kọjá. Gẹ̀ẹ́sì, Kẹ́mísìrì, Bàọ́lọ́jì àti Físíìsì ni ọmọ tó bá ń lọ síbẹ̀ sábà máa ń fi ṣe JAMB. Àwọn yunifásítì kan ní Nàìjíríà ti ń fúnni ní oyè àkọ́kọ́ nínú fòrẹ́nsíìkì, àmọ́ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọdún mẹ́rin kọ́ Kẹ́mísìrì, Bayokẹ́mísìrì tàbí Maikirobáyọ́lọ́jì, kí wọ́n tó wá fi oyè kejì kọ́ fòrẹ́nsíìkì fúnra rẹ̀. Ọmọ Òṣogbo kò ní láti kúrò nílé fún apá àkọ́kọ́ yẹn, torí pé ìlú yìí ni ọgbà àgbà yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006 wà. Kí òbí má sì rò pé ọ̀nà tó gùn yìí ń fi àkókò ọmọ ṣòfò. Ẹni tó mọ Kẹ́mísìrì dénú ni agbẹjọ́rò kò ní rí mì ní kóòtù. Ti dókítà tó ń yẹ òkú wò yàtọ̀ pátápátá: ọdún mẹ́fà ni yóò kọ́kọ́ fi kọ́ ìṣègùn òyìnbó, ọdún púpọ̀ mìíràn á sì tún tẹ̀lé e ní ọsibítù.

Ọ̀kan wà nínú àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń han akẹ́kọ̀ọ́ tó rọrùn débi pé èèyàn lè ṣe é nílé. Wọ́n á fi bíró dúdú tó bí i mẹ́ta, tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n yàtọ̀ síra, tọ́ ìnkì kínkín sí ìsàlẹ̀ bébà funfun. Wọ́n á ki etí bébà náà bọ inú sípírítì, kí sípírítì má kan ìnkì yẹn. Bí sípírítì ṣe ń gun bébà lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fa ìnkì lọ. Dúdú tí ojú ń rí á wá tú ká: búlúù á sáré lọ sókè, àwọ̀ àlùkò á dúró lágbedeméjì, òmíràn kò tiẹ̀ ní kúrò lójú kan. Ó wọ́pọ̀ pé kí ti bíró kan má jọ ti èkejì. Ká wá ní ẹnì kan mú rìsíìtì ilẹ̀ wá, tí wọ́n ti sọ 3 tó wà nínú ₦300,000 di 8. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní kọ́kọ́ gé lára rìsíìtì náà. Iná tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n á tàn sí i, kámẹ́rà á sì fi hàn bí ìnkì kan ṣe pòórá tí èkejì ṣì dúdú kirikiri. Àyẹ̀wò tí kò ba ẹ̀rí jẹ́ ló máa ń ṣáájú.

Ti ẹ̀jẹ̀ náà gba sùúrù. Wọ́n á fi òwú nu àbààwọ́n ara aṣọ, wọ́n á kán oògùn kan sí i, wọ́n á tún kán òmíràn lé e. Bó bá pọ́n bí òdòdó lójú ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ó ṣeé ṣe ni o! Ẹ̀jẹ̀ àgbò Iléyá á pọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àyẹ̀wò mìíràn ni yóò sọ bóyá ti èèyàn ni, DNA, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara èèyàn, ni yóò sì sọ ẹni tó ṣeé ṣe kó ni ín. Alec Jeffreys ní yunifásítì Leicester ló rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi DNA dá èèyàn mọ̀ ní 1984. Síbẹ̀, ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí Táyé àti Kẹ́hìndé bá jọra bí ìmumu, tó jẹ́ pé ẹyin kan ṣoṣo ló pín sí méjì, àyẹ̀wò DNA tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ kò lè yà wọ́n. Ìtẹ̀ka á yà wọ́n, nítorí inú oyún ni ilà orí ìka ti ń fà, ti oníkálukú sì ni tirẹ̀.

Apá tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ràn ló ṣe pàtàkì jù: ìwé kíkọ. Ẹ̀wù tí ẹ̀jẹ̀ rin gbingbin, wọn kì í dì í sínú ọ̀rá. Ọ̀rinrin á mú un bu, DNA inú rẹ̀ á sì bàjẹ́. Wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á fi sínú àpò bébà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n á buwọ́ lùwé lé ojú ibi tí wọ́n lẹ̀. Ara àpò náà ni wọ́n á kọ ọjọ́, aago, ibi tí wọ́n ti mú un, àti orúkọ ẹni tó mú un sí. Ẹnikẹ́ni tó bá tún gbà á gbọ́dọ̀ kọ orúkọ tirẹ̀ àti aago tó gbà á. Bí ẹ̀wù yẹn bá sùn sórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ kan, tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni fún alẹ́ náà, iṣẹ́ láàbù tó dára jù lọ lè di asán. Ẹni tó jẹ̀bi lè tipa bẹ́ẹ̀ lọ lómìnira. Aláìṣẹ̀ náà sì lè wẹ̀wọ̀n, bí ẹnì kan bá rí àyè fi nǹkan kún un. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ fi máa ń gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tó gbàgbé láti kọ aago.

Abala 68 nínú òfin ẹ̀rí Nàìjíríà ti 2011 gba kóòtù láyè láti gbọ́ èrò àwọn tó mọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì, ìfọwọ́kọ̀wé àti ìtẹ̀ka. Ìdí nìyí tí àwọn yunifásítì tó ń kọ́ni dáadáa fi ń ṣe kóòtù àfidánrawò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á kọ́ ọmọ láti má sọ pé “òun ló pa á.” Ohun tó lè sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀wù bá ti olóògbé mu. Èyí tó kù, ti adájọ́ ni. Ẹni tó ń ṣe agbẹjọ́rò kì í sì í kọ́kọ́ béèrè nípa DNA. Á gbé àpò bébà sókè, á fi ìka tọ́ ojú ibi tí wọ́n lẹ̀, á ní: “Láàárín aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ àti mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ dání?”