Bí Wọ́n Ṣe Ya "Mo Mọ̀" Kúrò Lára "Mo Gbàgbọ́" ní Ilé-Ifẹ̀

Nínú Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, "aláìgbàgbọ́" ni ẹni tí kò gba Jésù. Bẹ́ẹ̀ ni babaláwo tó ń jí bọ Ifá lójoojúmọ́ àti ẹni tó ní kò sí Ọlọ́run rárá ṣe di ẹlẹ́gbẹ́ ara wọn lẹ́nu wa. Àṣìṣe ńlá gbáà ni. Òun ló ń ba àríyànjiyàn wa jẹ́ títí di òní: ọ̀kan ń sọ ti ẹ̀sìn, èkejì ń sọ ti ẹ̀rí, àwọn méjèèjì sì rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ń sọ.

Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó yìí. Ní 1967 ni Yunifásítì Ifẹ̀ kó dé ibẹ̀ láti Ìbàdàn. Ní 1972 ni Second Order, ìwé àtìgbàdégbà fún ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Méjì nínú àwọn olùkọ́ ibẹ̀, Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, tọ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ lọ ní ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n sì ń bi wọ́n pé: ìgbà wo lẹ lè sọ pé ẹ mọ nǹkan? Ìgbà wo ló jẹ́ pé ẹ kàn gbà á gbọ́ ni? Ní 1986, ìwé tí wọ́n kọ lé e lórí jáde.

Ìdáhùn àwọn àgbà náà le. Ohun tí ojú rẹ rí, tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí, òun lo mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún ọ, tí o gbọ́, tí o sì gbà, ìgbàgbọ́ ni, ìbáà jẹ́ baba rẹ ló sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé iyọ̀ ti wà nínú ọbẹ̀, o gbà á gbọ́ ni. Ìgbà tó o bá bù ú sátẹ́lẹ́wọ́, tó o tọ́ ọ lá, ìgbà náà lo mọ̀. Ohun tí a kà nínú ìwé pẹ̀lú, ìgbàgbọ́ ni. Nítorí náà, òfin yìí mú pásítọ̀, ó mú àáfà, ó sì mú ẹni tó ní kò sí Ọlọ́run, tó jẹ́ pé ohun tó kà ló ń tún sọ.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá ti ojú ara rẹ wá, wò ó bóyá ó ṣeé dán wò. Bó bá ṣeé dán wò, dán an wò. Bó bá yege, ó di ìmọ̀. Bí kò bá ṣeé dán wò, ẹ jókòó jíròrò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ju "ó ṣeé ṣe" lọ. Ìgbésẹ̀ kejì yìí, ìyẹn ìjíròrò, làwọn èèyàn máa ń fò, tí ìjiyàn fi ń di ìjà.

Òfin yìí kan ọ̀rọ̀ orí pẹ̀lú, ìyẹn ìpín tí ẹ̀dá yàn kó tó wá sáyé. Bí orí bá jẹ́ àkúnlẹ̀yàn, ta ló jẹ̀bi ìyà tó ń jẹ ẹ̀dá? Nínú ìtàn Ifá, Oríṣèékú àti Oríléémèrè wọ ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń fi amọ̀ mọ orí, wọ́n gbé orí tó tóbi, tó dára lójú, wọ́n bá tiwọn lọ. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù. Àwọn kan ní wọn kò jẹ̀bi, torí wọn kò mọ èyí tó jiná. Èmi ò gbà. Wọn kò béèrè, wọn kò sì dán an wò. Afùwàpẹ́, ẹnì kẹta wọn, kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ baba rẹ̀, ó rúbọ, ó sì dúró de Àjàlá fúnra rẹ̀. Àjàlá fi ọ̀pá irin lu àwọn orí náà títí ó fi kan èyí tó dún gbọnmọ-gbọnmọ, ìyẹn ló ní kó gbé.