Ìbáṣepọ̀ àwọn plankton inú Òkun Ross

Plankton inú Òkun Ross ni àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí omi ń gbé kiri nínú òkun tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé níhà gúúsù, létí ilẹ̀ Antárktíkà. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣe é fi ojú lásán rí. Àwọn kan ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewéko, àwọn kan ń jẹ ẹlòmíràn, àwọn kan sì ń ṣe méjèèjì pọ̀. Ohun tó wà láàrin wọn kọjá ká jẹ ara ẹni lásán. Wọ́n ń ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n ń du nǹkan mọ́ ara wọn lọ́wọ́, àwọn mìíràn sì ń jí ẹ̀yà ara ọmọnìkejì wọn lò.

Ibùgbé wọn

James Clark Ross, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tu ọkọ̀ wọ òkun yìí ní 1841, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Joseph Dalton Hooker, onímọ̀ ewéko tó bá a rìnrìn àjò náà, ṣàkíyèsí pé yìnyín tó léfòó lórí omi kì í funfun níbi gbogbo. Àwọn ibòmíràn dà bí ẹni pé wọ́n fi omi ẹrẹ̀ kùn ún. Ìdọ̀tí kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Díátọ́ọ̀mù ni, àwọn ewéko òkun tíntìntín tí èèpo ara wọn dà bí gíláàsì.

Ní McMurdo Sound, ní igun òkun yìí, oòrùn máa ń wọ̀ ní ìparí oṣù kẹrin, kì í sì í tún yọ títí di oṣù kẹjọ. Omi ibẹ̀ tutù dé nǹkan bíi −1.9 °C, iyọ̀ inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó tètè dì. Nígbà tí oòrùn bá padà dé, náítíréètì àti fọ́síféètì pọ̀ rẹpẹtẹ fún ewéko òkun láti fi dàgbà, àmọ́ irin ṣọ̀wọ́n gan-an. Ìwọ̀nba irin tó wà, láti inú yìnyín tó ń yọ́ àti láti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló ti ń wá. Òkùnkùn ọlọ́jọ́ gbọọrọ àti ọ̀wọ́n irin yìí ló bí púpọ̀ nínú ìwà tí àwọn plankton ibẹ̀ ń hù síra wọn.

Phaeocystis àti díátọ́ọ̀mù

Phaeocystis antarctica ni ewéko òkun tí orúkọ rẹ̀ lókìkí jù níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kan ṣoṣo kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Àmọ́ kì í sábà dá gbé. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì á kó ara wọn jọ sínú ohun kan tó ń yọ̀ bí omi ilá, á wá di bọ́ọ̀lù roboto tó lè tó mìlímítà mélòó kan, tí ojú sì lè rí. Bí ó bá pọ̀ lásìkò rẹ̀, àwọ̀n tí àwọn olùwádìí fi ń kó plankton máa ń dí pátápátá. Ìyọ̀ yìí wúlò fún un: àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ì bá gbé sẹ́ẹ̀lì kan mì kò rí ẹnu fi gbé odidi bọ́ọ̀lù.

Òun àti díátọ́ọ̀mù ń pín òkun náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní ìgbà ìrúwé ibẹ̀, Phaeocystis ló máa ń gba àárín òkun, níbi tí ìjì ti ń po omi jìnnà tí ìmọ́lẹ̀ kò sì pọ̀. Díátọ́ọ̀mù máa ń gba ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítòsí Terra Nova Bay, níbi tí omi yìnyín tó yọ́ ti tẹ́ lé orí omi iyọ̀ tí kò sì jẹ́ kó pò jìnnà. Ta ló borí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìwádìí kan tó jáde ní 1999 fi hàn pé Phaeocystis ń gba káríbọ̀n ju díátọ́ọ̀mù lọ fún ìwọ̀n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kan náà, nítorí náà bí ọ̀kan bá rọ́pò èkejì, iye káríbọ̀n tí òkun ń fà láti inú afẹ́fẹ́ yóò yí padà.

Fítámínì àti irin

Púpọ̀ nínú díátọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ nílò fítámínì B12, àmọ́ kò sí ewéko kankan tó lè ṣe é fúnra rẹ̀. Bakitéríà kan àti àwọn ìbátan wọn tí wọ́n ń pè ní akéà nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Bakitéríà náà, oúnjẹ tó ń jò láti ara ewéko òkun ni wọ́n ń jẹ. Ọ̀rọ̀ wọn wá di ti ọwọ́ ọmọdé tí kò tó pẹpẹ, tí ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè.

Ṣùgbọ́n àjọṣe yìí ní ìjà nínú, nítorí bakitéríà pẹ̀lú ń wá irin, irin kan náà ni gbogbo wọn sì ń du. Nínú ìdánwò kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007, wọ́n bu omi Òkun Ross sínú ìgò, wọ́n fi irin sí àwọn kan, wọ́n sì fi irin pẹ̀lú B12 sí àwọn mìíràn. Láwọn ibì kan, ewéko òkun inú ìgò tó gba méjèèjì dàgbà ju ti inú ìgò tó gba irin nìkan lọ. Ìyẹn ni pé bí a bá tilẹ̀ rí irin, fítámínì ṣì lè di ìṣòro.

Àwọn díátọ́ọ̀mù kan tún gba nǹkan tó pẹ́ ju fítámínì lọ. Fragilariopsis cylindrus, tó ń gbé nínú yìnyín, ní àwọn purotéènì tó ń so mọ́ yìnyín kí ó má baà ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ó jọ pé láti ọ̀dọ̀ bakitéríà ni jíìnì tó ń ṣe wọ́n ti wá láyé àtijọ́.

Àwọn tó ń gbé èkejì wọn sínú

Acantharia jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ńlá tó ní ẹ̀gún yí ká. Ó máa ń gbé Phaeocystis sínú ara rẹ̀ láìdà á, kí ó lè máa bá a fi oòrùn ṣe oúnjẹ. Nínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, irú Phaeocystis mìíràn ló ń lò. Nínú Òkun Gúúsù, ìyẹn omi tó yí Antárktíkà ká, P. antarctica ni. Bóyá àǹfààní kankan wà nínú rẹ̀ fún ewéko náà kò tíì dájú, èyí ló mú kí àwọn kan rò pé ìgbèkùn ni, kì í ṣe àjọgbé.

Ti Mesodinium rubrum kò ní àríyànjiyàn, olè ni. Ẹ̀dá onírun wẹ́wẹ́ tó ń fò lọ fò bọ̀ nínú omi ni, kò sì lè fi oòrùn ṣe oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ẹran rẹ̀ ni Geminigera cryophila, ewéko òkun kékeré kan. (Geminigera náà kò mọ́ra: òun alára máa ń gbé bakitéríà jẹ.) Bí Mesodinium bá mú un, kì í dà á tán. Ó máa ń pa chloroplast rẹ̀ mọ́, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fi ìmọ́lẹ̀ dáná oúnjẹ. Kì í ṣe ọbẹ̀ ló jí, ìkòkò àti àdìrò ló gbé. Àwọn Mesodinium tí wọ́n mú ní McMurdo Sound ni wọ́n fi ṣe ìwádìí tó fi èyí hàn ní ọdún 2000. Ní 2007, ìwádìí mìíràn fi kún un pé ó ń jí alásè náà pẹ̀lú. Núkílíọ́ọ̀sì Geminigera, tí àṣẹ bí a ti ń tún chloroplast ṣe wà nínú rẹ̀, ṣì máa ń ṣiṣẹ́ nínú ara olè fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀, chloroplast tí wọ́n jí lè máa pọ̀ sí i. Tí agbára rẹ̀ bá tán, Mesodinium á tún lọ ṣọdẹ.

Olè kejì ni dinoflagellate kan, ìyẹn ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan tó ń fi ohun bí ìrù wẹ̀, tí àwọn olùwádìí ń pè ní RSD (Ross Sea Dinoflagellate), tí ìròyìn olè jíjà rẹ̀ jáde ní 2007. Ọ̀dọ̀ Phaeocystis antarctica ni ó ti ń jí chloroplast. Ó lè jẹ irú ewéko òkun mìíràn, àmọ́ ti Phaeocystis nìkan ló ń tọ́jú. Kò pa núkílíọ́ọ̀sì ẹran rẹ̀ mọ́ bí Mesodinium ti ń ṣe, síbẹ̀ nínú ilé ìwádìí, RSD tí wọn kò fún ní Phaeocystis pa chloroplast tó jí mọ́ fún ohun tó ju ọdún méjì lọ. Èyí gùn jìnnà ju òkùnkùn McMurdo lọ.

Ìwádìí kan ní 2019 tú àṣírí díẹ̀. Nínú núkílíọ́ọ̀sì RSD fúnra rẹ̀ ni àwọn jíìnì kan wà tó ń ṣe purotéènì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sínú chloroplast olóhun, orísun àwọn jíìnì náà kò sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Àwọn ìbátan RSD, bíi Karenia àti Karlodinium, ní chloroplast tó wá láti ìdílé tí Phaeocystis ti wá, ṣùgbọ́n tiwọn ti di tiwọn: bí sẹ́ẹ̀lì wọn bá pín sí méjì, chloroplast náà á pín, ọmọ á sì jogún rẹ̀. Ní ti RSD, bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń pín láìrí Phaeocystis jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìpín tó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan ń dín kù.