Wọ́n dìbò pé àwọn ń lọ, wọn ò sọ ibi tí àwọn ń lọ: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Brexit

Ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, ọdún 2016 ni àwọn ará Ìlú Ọba dìbò pé àwọn ò bá Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìyẹn EU, ṣe mọ́. Ìkúrò yìí ni wọ́n ń pè ní Brexit. Ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, ọdún 2020 ni wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, olóòtú ìjọba méjì ti fipò sílẹ̀, wọ́n ti dìbò gbogbogbò lẹ́ẹ̀mejì, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì ti dá ìjọba lẹ́bi lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa máa ń béèrè jù nípa rẹ̀ nìyí.

Ta ló ní kí wọ́n dìbò ná?

David Cameron, olóòtú ìjọba ìgbà náà, ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Inú ẹgbẹ́ Conservative tirẹ̀ gan-an ni wàhálà ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn aṣòfin kan nínú ẹgbẹ́ náà ti ń pariwo pé EU ń pàṣẹ lé àwọn lórí ju bó ṣe yẹ lọ. Níta, ẹgbẹ́ UKIP tí Nigel Farage ń darí, tó fẹ́ kí wọ́n kúrò nínú EU, ń fa àwọn olùdìbò wọn mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, Cameron ṣèlérí pé bí ẹgbẹ́ òun bá tún wọlé, òun á jẹ́ kí ará ìlú fẹnu ara wọn sọ èyí tí wọ́n fẹ́. Ó gbà pé àwọn tó fẹ́ dúró ló máa borí, tí ariwo á sì rọlẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé lọ́dún 2015, ló bá di dandan kó mú ìlérí ṣẹ. Lójú tèmi, ìjà inú ẹgbẹ́ ló gbé jáde síta gbangba.

Báwo ni èsì ìbò náà ṣe rí?

Mílíọ̀nù 17.4 èèyàn ní kí wọ́n máa lọ, mílíọ̀nù 16.1 ní kí wọ́n dúró. Ìdá 51.9 sí ìdá 48.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni. England àti Wales ní àwọn ń lọ. Scotland ní àwọn ò lọ síbì kankan, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Àríwá Ireland náà ò fẹ́ lọ, ìdá 56. Ẹ má gbàgbé àwọn méjì yìí, ọ̀rọ̀ wọn ń bọ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà dìbò níbẹ̀?

Lóòótọ́ ni, ó sì máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Òfin ìbò náà fàyè gba ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó bá ń gbé Ìlú Ọba pẹ̀lú ìwé tó péye. Nítorí náà, ọmọ Ìbàdàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí Manchester láti ka másítáàsì lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò. Ará Poland tó ti lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, tó ń san owó orí, tí ọmọ rẹ̀ ń lọ síléèwé níbẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Nínú gbogbo ará EU, àwọn ọmọ Ireland, Malta àti Cyprus nìkan ni wọ́n gbà láyè.

Àwọn tó ń polongo ìkúrò náà mọ̀ pé ìbò wa wà níbẹ̀. Wọ́n ń sọ fún àwọn ará Commonwealth pé ẹ ò rí i bí ará Yúróòpù ṣe ń wọlé láìgba físà, nígbà tí àbúrò yín ń tò síwájú ọ́fíìsì físà, tí wọ́n tún ń já a. Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn kan létí dáadáa.

Ẹni tó bá borí ló ń gbàjọba. Kí ló dé tí àwọn tó borí ò gbà á?

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti ń dà bí eré. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìbò, Cameron jáde sí iwájú ilé ìjọba ní Downing Street, ó ní òun ń lọ. Gbogbo ojú wá yí sí Boris Johnson, ẹni tó ti ṣe olórí ìlú London rí, tó sì jẹ́ ojú ìpolongo ìkúrò. Michael Gove, tí wọ́n jọ polongo, ló yẹ kó darí ìpolongo rẹ̀ láti di olórí ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, Gove jí, ó ní Johnson ò kájú ẹ̀, òun fúnra òun lòun máa dupò. Kó tó di ọ̀sán, Johnson dìde níwájú àwọn oníròyìn tí wọ́n wá gbọ́ bó ṣe máa kéde, ó bá wọn sọ̀rọ̀ títí, ó wá parí ẹ̀ pé òun kọ́ ló máa ṣe é. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, Farage fi ipò olórí UKIP sílẹ̀, ó ní òun ti ṣe tòun.

Theresa May nìkan ló kù nílẹ̀ níkẹyìn, ó sì gba ìjọba ní ọjọ́ 13, oṣù Keje. Ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ dúró ló wà nígbà ìpolongo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pariwo ẹ̀. Iṣẹ́ ìkúrò tí kò dìbò fún ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ alátakò ló yẹ kó jàǹfààní irú àsìkò báyìí, àmọ́ ẹgbẹ́ Labour náà ń ja ìjà tirẹ̀. Àwọn aṣòfin wọn 172 ní àwọn ò fẹ́ Jeremy Corbyn, olórí wọn, mọ́, 40 péré ló tì í lẹ́yìn. Corbyn ò dìde. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tún dìbò yàn án padà ní oṣù Kẹsàn-án.

Kí ló wá le nínú kí wọ́n kàn máa lọ?

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé ìbò náà. Ìbéèrè kan ló wà lórí ẹ̀: ṣé kí United Kingdom ṣì wà nínú EU, àbí kó kúrò? Gbólóhùn méjì ló wà nísàlẹ̀, ọ̀kan fún dídúró, ọ̀kan fún lílọ, àpótí kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan tí èèyàn máa fi X sí. Ó parí.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lílọ pé oríṣi. Norway kò sí nínú EU, ṣùgbọ́n ó ń bá wọn ná ọjà àjùmọ̀ní wọn, ó ń dáwó, ó sì ń jẹ́ kí ará Yúróòpù wọlé wá ṣiṣẹ́. Turkey bá wọn ṣe àdéhùn owó ẹnubodè. Canada bá wọn ṣe àdéhùn òwò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn tún lè lọ láìbá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn kankan. Nínú mílíọ̀nù 17.4 yẹn, ẹnì kan ń ro Norway, ẹlòmíì ń ro Canada, ẹlòmíì kàn fẹ́ káwọn àlejò dín kù ni. May ní Brexit ni Brexit ń jẹ́, gbólóhùn tó dùn-ún gbọ́ létí tí kò sì sọ nǹkan kan. Gbogbo wàhálà tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ló ti wá: èyíkéyìí tí olóòtú ìjọba bá mú nínú àwọn lílọ wọ̀nyí, ìdajì àwọn èèyàn rẹ̀ á ní òun kọ́ làwọn dìbò fún.

May fúnra rẹ̀ tún dá kún un. Ó rò pé òun lágbára, ó pe ìbò gbogbogbò sí oṣù Kẹfà ọdún 2017, ó sì pàdánù iye aṣòfin tó fi ń dá ìjọba ṣe. Ó wá di dandan kó bẹ aṣòfin mẹ́wàá ti ẹgbẹ́ DUP láti Àríwá Ireland, pẹ̀lú bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn fún agbègbè wọn.

Kí ló kan Ireland nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ le jù. Erékùṣù kan náà ni, àmọ́ ìjọba méjì ló wà lórí ẹ̀: orílẹ̀-èdè Ireland tó wà nínú EU, àti Àríwá Ireland tó wà lábẹ́ London. Ààlà àárín wọn tó nǹkan bíi 500 kìlómítà. Ẹni tó bá ti gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu rí, tó ti rí bí kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe ń tú ẹrù, tí ọkọ̀ ń tò, á mọ ohun tí ààlà ń jẹ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, kò sí ìyẹn rárá. Èèyàn lè máa wakọ̀ lọ kó má mọ̀ pé òun ti kọjá sí orílẹ̀-èdè míì, àfi bó bá rí i pé àmì ojú ọ̀nà ti yí láti máìlì sí kìlómítà.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn níbẹ̀. Ó tó 3,500 èèyàn tó kú nínú ìjà ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà lọ́dún 1998. Nígbà ìjà náà, ṣọ́jà ló ń ṣọ́ ààlà, àwọn oníjà sì ń kọlu ibùdó wọn. Kò sẹ́ni tó tún fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n bí Ìlú Ọba bá kúrò nínú ọjà EU, ààlà yẹn ti di ẹnubodè EU nìyẹn, a sì gbọ́dọ̀ yẹ ẹrù wò níbì kan. Bí kò bá jẹ́ lórí ilẹ̀, á jẹ́ lójú òkun láàárín Àríwá Ireland àti ìyókù Ìlú Ọba, DUP sì ní tó bá jẹ́ lójú òkun, a ti gé àwọn kúrò lára Ìlú Ọba. May ní kí gbogbo Ìlú Ọba ṣì wà nínú àdéhùn owó ẹnubodè EU títí wọ́n á fi rí ojútùú. Àwọn tó fẹ́ lọ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ fárígá pé a ò lọ nìyẹn.

Alẹ́ wo ni wọ́n máa ń sọ pé May jìyà jù?

Ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 2019. Nílé aṣòfin wọn, aṣòfin kì í tẹ bọ́tìnì láti dìbò, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn gba yàrá ìbò kọjá kí wọ́n kà wọ́n. Tulip Siddiq ti ẹgbẹ́ Labour wà nínú oyún tó ti sún mọ́ ìbí. Ó sún iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ fi gbẹ̀bí rẹ̀ síwájú, wọ́n sì tì í wọlé lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara kó lè dìbò. Nígbà tí wọ́n kà á tán, 202 fọwọ́ sí àdéhùn ìkúrò tí May bá EU ṣe, 432 kọ̀ ọ́. Kò sí ìjọba tó tíì fìdí rẹmi tó báyẹn nílé aṣòfin náà ní ayé òde òní. Aṣòfin 118 nínú àwọn tó kọ̀ ọ́ jẹ́ ti ẹgbẹ́ May.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dìbò bóyá kí ìjọba rẹ̀ kógbá sílé, ó sì borí! Wọn ò fẹ́ àdéhùn rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kó lọ. Ó tún gbé àdéhùn náà padà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ilé aṣòfin ní kí wọ́n fi ọ̀nà mẹ́jọ síwájú àwọn káwọn mú èyí tó wu àwọn, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni wọ́n kọ̀. Ní oṣù Karùn-ún, May ní ó tó gẹ́ẹ́. Ohùn rẹ̀ já níbi tó ti ń sọ ọ́.

Kí ni Johnson ṣe tí May ò ṣe?

Òun ló rọ́pò May, ó sì lo agídí. Ó fẹ́ ti ilé aṣòfin pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, adájọ́ mọ́kànlá nílé ẹjọ́ tó ga jùlọ panu pọ̀ pé kò bófin mu. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nílé aṣòfin ni Phillip Lee, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin rẹ̀, dìde, ó rìn kọjá sí òdìkejì, ó lọ jókòó ti ẹgbẹ́ Liberal Democrats. Bí iye tó fi ń ṣèjọba ṣe lọ nìyẹn, lójú rẹ̀ kòrókòró. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó lé aṣòfin 21 kúrò nínú ẹgbẹ́ torí wọ́n dìbò takò ó. Ọmọ ọmọ Winston Churchill wà nínú wọn.

Lẹ́yìn náà, ó gbà kí yíyẹ ẹrù wò bọ́ sójú òkun, ohun tó ti lọ dúró níwájú DUP lọ́dún 2018 láti sọ pé ìjọba Conservative kankan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Ó wá gba ọ̀dọ̀ ará ìlú lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 pẹ̀lú ìlérí kan ṣoṣo, pé òun á parí Brexit. Ó ti sú wọn, wọ́n fún un ní aṣòfin 365. Kódà Sedgefield, níbi tí Tony Blair, olóòtú ìjọba Labour tẹ́lẹ̀, ti ṣe aṣòfin, bọ́ mọ́ ẹgbẹ́ Labour lọ́wọ́.

Scotland àti Àríwá Ireland ńkọ́?

Scotland ní ó dáa, a fẹ́ tún dìbò lórí òmìnira wa, torí lọ́dún 2014 tí a ní a ò lọ, inú EU la wà. London kọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé wọn ò lè dá ìbò náà ṣe láìgbàṣẹ. Ní Àríwá Ireland, DUP bínú nítorí yíyẹ ẹrù wò lójú òkun, wọ́n jáde kúrò nínú ìjọba agbègbè náà ní oṣù Kejì ọdún 2022, ó sì tó ọdún méjì kí wọ́n tó padà.

Àwọn tó dìbò nítorí àlejò, ṣé wọ́n rí ohun tí wọ́n fẹ́?

Ará Yúróòpù dín kù lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ò rí òṣìṣẹ́ mọ́, ìjọba tó ṣe Brexit náà ló ṣílẹ̀kùn físà fún wọn ní oṣù Kejì ọdún 2022. Ẹ mọ ìyókù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó japa ní àwọn ọdún náà, ọ̀nà yìí tàbí ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbà. Ní ọdún kan tó parí sí oṣù Kẹfà 2023, àwọn tó wọlé fi ohun tó lé ní 900,000 ju àwọn tó jáde lọ. Ni ariwo bá tún sọ. Lọ́dún 2024, wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tó fẹ́ kó ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání.

Lẹ́yìn ìbò gbogbogbò oṣù Keje ọdún náà, aṣòfin 121 péré ló kù fún ẹgbẹ́ Conservative. Farage wọ ilé aṣòfin Ìlú Ọba fún ìgbà àkọ́kọ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun, Reform UK. Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Èkó, tó sì wà lẹ́yìn Brexit láti ìbẹ̀rẹ̀, ni Conservative fi ṣe olórí ní oṣù Kọkànlá.

Ṣé wọ́n lè padà sínú EU?

Òfin EU fàyè gbà á, àmọ́ orílẹ̀-èdè 27 tó wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà. Keir Starmer, tó di olóòtú ìjọba lọ́dún 2024, bá EU ṣe àdéhùn lórí ẹja pípa àti òwò oúnjẹ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ṣùgbọ́n ó ní ìjọba òun ò padà sínú ọjà àjùmọ̀ní wọn.