Báwo ni ilé-iṣẹ́ búlíọ̀nù ṣe ń dàgbà? Àlàyé lórí àlàfo iye wúrà

Bí wúrà bá ti gbówó lórí, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé àwọn tó ń ta góòlù ní Ìdúmọ̀tà ti di olówó. Ẹ bi àwọn fúnra wọn wò. Wọ́n á ní ìgbà tí góòlù bá wọ́n náà ni oníbàárà máa ń wọ́n, torí ẹni tó fẹ́ ra ṣéènì ìyàwó á ní kí òun ṣì rọra ná. Bó ṣe rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó náà ló rí fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ń ta wúrà àti fàdákà lókè òkun. Èrè wọn wà nínú àlàfo: ìyàtọ̀ láàárín iye tí wọ́n fi rà á àti iye tí wọ́n fi tà á, àti iye ìgbà tí owó wọn yí po láàárín ọdún kan.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tà. Búlíọ̀nù ni wúrà tàbí fàdákà tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà nítorí ìwọ̀n rẹ̀ àti bó ṣe mọ́ tó. Ẹwà kò kan án. Ó lè jẹ́ ọ̀pá, ó lè jẹ́ owó ẹyọ bíi Krugerrand tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ní South Africa ní 1967. Áúnsì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, áúnsì troy tó jẹ́ gíráàmù 31.1, tí ó wúwo ju áúnsì ilé ìdáná lọ díẹ̀. Ọ̀pá ńlá tí àwọn ilé ìfowópamọ́ London ń gbà lọ́wọ́ ara wọn wà láàárín áúnsì 350 sí 430, wúrà inú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 995 nínú 1,000. Ẹ wá fi wé ṣéènì káráàtì 18 tó wà nínú gíláàsì ní Balógun: 750 péré nínú 1,000 ni wúrà. Káráàtì 22 jẹ́ 916. Bàbà, fàdákà àtàwọn irin mìíràn ló kún ìyókù, kí ṣéènì náà lè le tó láti wọ̀.

Ìyẹn ló fà á tí inú fi máa ń bí ẹni tó bá lọ ta òrùka àlòkù. Alhaja tó ń ra góòlù á gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù títí dé ìdá rẹ̀. Bí òkúta bá wà lára rẹ̀, á yọ ìwọ̀n òkúta kúrò. Á fi etí òrùka náà fa ìlà kan sára òkúta dúdú pẹlẹbẹ, á kán ásíìdì lé ìlà náà lórí, á sì máa wò ó. Bí ìlà náà bá parẹ́, káráàtì rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n pè é. Bó bá dúró digbí, ọ̀rọ̀ owó kàn.

"Gíráàmù mẹ́jọ géérégé ni, ọmọ mi."

"Alhaja, ṣebí ẹ̀ ń ta irú ẹ̀ jù báyìí lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn."

"Tuntun nìyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ẹ̀. Tìẹ yìí, alágbẹ̀dẹ ni yóò yọ́ ọ."

Kò rẹ́ ẹ jẹ. Gíráàmù mẹ́jọ káráàtì 18 jẹ́ gíráàmù mẹ́fà wúrà ògidì. Gíráàmù mẹ́fà yẹn ni yóò ṣírò, yóò yọ owó yíyọ́ kúrò, yóò sì yọ èrè tirẹ̀. Owó iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹni náà san nígbà tó ń ra òrùka kò sí nínú òṣùwọ̀n.

Nínú búlíọ̀nù, iye kan wà tí gbogbo ayé ń wò, iye ọjà àgbáyé, tí ń yí padà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ní London, wọ́n tún máa ń kéde iye kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ àti aago mẹ́ta ọ̀sán. Ètò kíkéde yìí ti wà láti 1919, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é ti yí padà. Ilé-iṣẹ́ búlíọ̀nù kì í ta ọjà rẹ̀ ní iye yẹn gan-an. Ó ń fi àlékún díẹ̀ sí i fún ẹni tó ń rà, torí owó rírọ, owó ọkọ̀, owó adójútòfò àti owó ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹni kan bá sì wá tà fún un, á yọ díẹ̀ kúrò lára iye náà. Àárín iye méjèèjì ni àlàfo.

Ẹni tó bá ti ṣẹ́ dọ́là rí ní Èkó ti bá àlàfo yìí pàdé. Ẹ gbé dọ́là lọ, iye kan ni wọ́n á pè. Ẹ ní ẹ fẹ́ rà á padà lójú ẹsẹ̀, iye tó ga ju ìyẹn lọ ni wọ́n á pè. Ẹni tó ń ṣẹ́ owó kò ní í gbàdúrà pé kí dọ́là wọ́n. Kí àwọn tó ń rà àtàwọn tó ń tà má dẹ́kun wíwá ló jẹ ẹ́ lógún.

Ibí ni ìdàgbàsókè ti wọlé. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní $100,000 owó òwò. Lẹ́yìn tó yọ gbogbo ìnáwó kúrò, dọ́là kan péré ló ń kù fún un lórí ọgọ́rùn-ún. Bí owó náà bá yí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, $12,000 ni èrè ọdún. Bó bá yí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó di $52,000. Owó kan náà ni, àlàfo kan náà ni, wúrà sì lè má gbéra níbi tó wà láti January dé December. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ yìí fi ń sáré síbi tí ọjà ti ń rìn kíákíá: títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tó ń yí fúnra rẹ̀, ilé ìkẹ́rù kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń fi ọjà ránṣẹ́ káàkiri. Ọ̀pá tó bá pẹ́ lórí àtẹ, owó ló ń jẹ.

Ewu kan wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà lè ra wúrà lọ́jọ́ Ajé, kó sì jẹ́ Ọjọ́bọ ni yóò rí i tà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, iye ọjà lè já ju gbogbo àlàfo náà lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni wọ́n ń pè ní hedging. Ọjà kan wà ní New York, COMEX, tí wọ́n ti ń ra ìwé àdéhùn ọjà ọjọ́ iwájú (futures) tí wọ́n sì ń tà á: ìwé kan dúró fún áúnsì 100 wúrà, ti fàdákà jẹ́ áúnsì 5,000. Ẹni tó ní áúnsì 100 nínú yàrá ìṣúra á ta ìwé kan níbẹ̀. Bí áúnsì kan bá já ní $50, wúrà inú yàrá ti sọ $5,000 nù, ṣùgbọ́n yóò ra ìwé rẹ̀ padà ní owó tó fi $5,000 dín sí iye tó tà á. Ọwọ́ kan gbé e lọ, ọwọ́ kejì dá a padà.

Bí wúrà bá wá gòkè ńkọ́? Èrè tí wúrà inú yàrá mú wá, ìwé náà á gbé e lọ. Ẹ ò rí i pé ilé-iṣẹ́ búlíọ̀nù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ fi èrè ìgòkè wúrà sílẹ̀? Ohun tó tiẹ̀ le ju ìyẹn lọ ni pé nígbà tí wúrà bá ń gòkè kíákíá, COMEX yóò máa béèrè owó lójoojúmọ́ láti fi ti ìwé náà lẹ́yìn, nígbà tí wúrà gan-an ṣì wà lórí àtẹ tí kò tíì di owó. Ìgòkè wúrà lè há oníbúlíọ̀nù mọ́ra, kó sì máa wá owó yá kiri.

A-Mark, ilé-iṣẹ́ búlíọ̀nù kan ní Amẹ́ríkà, fi èyí hàn dáadáa. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1965, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ owó ẹyọ, ó sì di alájàpá láàárín àwọn tó ń rọ owó ẹyọ àtàwọn ṣọ́ọ̀bù. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rọ owó ẹyọ kì í ta owó ẹyọ Eagle ti búlíọ̀nù fún aráàlú. Àwọn oníṣòwò díẹ̀ tó fọwọ́ sí nìkan ló ń tà á fún. Ẹni tó bá wà nínú àwọn díẹ̀ yẹn, bíi A-Mark, ti dúró sẹ́nu géètì. Ní 2014, A-Mark wọ ọjà ìpín ìdókòwò Nasdaq. Ní 2021, ó ra JM Bullion, ilé-iṣẹ́ tó ń tà fún aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011. Ó wá ní àlàfo méjì: ti alájàpá tó tẹ́ẹ́rẹ́, àti ti aráàlú tó fẹ̀ jù ú lọ.

Ẹ wo owó rẹ̀. Ní ọdún ìṣúná tó parí ní June 2023, ọjà tó tà lé ní bílíọ̀nù 9 dọ́là, èrè rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 150. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọjà tún lé sí i, wúrà náà kúrò ní nǹkan bí $1,900 ó sì kọjá $2,300. Síbẹ̀ èrè já sílẹ̀, kò tó mílíọ̀nù 70. Ara àwọn tó ń rà ti balẹ̀, àlékún ti dín kù, àlàfo ti sún mọ́ra. Òdìkejì rẹ̀ ni March 2020, nígbà tí àìsàn Kòrónà ti ilẹ̀kùn àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ wúrà ní gúúsù Switzerland, tí bàálù kò sì fò. Gbogbo ènìyàn ń wá owó ẹyọ wúrà kiri, kò sì sí. Àlékún fò sókè, ẹni tó ní ọjà nílẹ̀ sì jẹun.

Fàdákà ní ìṣòro tirẹ̀, ìṣòro ìwúwo. Ní October 2025, wúrà kọjá $4,000 fún áúnsì kan, fàdákà kọjá $50. Ní iye yẹn, $100,000 wúrà kò tó gíráàmù 800, ẹ lè fi sínú àpò kí ẹ máa lọ. Fàdákà owó kan náà jẹ́ kílò 62. Alábàárù ni yóò bá yín gbé e. Ìdí nìyẹn tí àlékún fàdákà fi máa ń pọ̀ ju ti wúrà lọ bí a bá fi ìdá ọgọ́rùn-ún wò ó.

Nígbà mìíràn, àlàfo tóóró yìí máa ń sú ilé-iṣẹ́, á sì wá èrè tó sanra lọ síbòmíràn. Johnson Matthey Bankers jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ márùn-ún tó ń pàdé láti dá iye wúrà ní London. Orúkọ ńlá ni nínú iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn oníṣòwò lówó, púpọ̀ fún ènìyàn díẹ̀, owó náà kò sì padà. Ní October 1984, Ilé Ìfowópamọ́ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní pọ́n-ùn kan péré, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí ó bá wó, yóò kó ọjà wúrà London dání. Wúrà inú yàrá ìṣúra rẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan. Owó tí wọ́n yáni ló pa á.

Ní Èkó níbí, ẹsẹ̀ méjì ni iye wúrà fi ń rìn: dọ́là tí ayé fi ń tà á, àti náírà tí a fi ń ra dọ́là. Ní June 2023, nígbà tí CBN tú náírà sílẹ̀, iye ìjọba kúrò ní nǹkan bí 460 sí dọ́là kan, ó sì kọjá 700 kí oṣù tó parí. Ẹni tó ta gíráàmù 20 ní iye àárọ̀, tó yọ̀ pé òun jèrè, lè lọ sọ́jà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kí owó náà má ra 20 padà mọ́. Owó pọ̀ lọ́wọ́, gíráàmù ló dín kù. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń ta wúrà ní ìlú yìí tó sì ń ka náírà nìkan nínú ìwé rẹ̀ kò tíì mọ̀ bóyá òwò òun ń dàgbà. Gíráàmù ni kó máa kà.

Òfin náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ta wúrà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka tó ń ṣọ́ fífọ owó àìmọ́ lábẹ́ EFCC, òfin 2022 lórí fífọ owó sì ní kí ẹnikẹ́ni má san ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ní kéèṣì, mílíọ̀nù mẹ́wàá fún ilé-iṣẹ́. Ní iye October 2025, mílíọ̀nù márùn-ún kò ra áúnsì wúrà kan ṣoṣo. Nítorí náà, oníṣòwò tó bá fẹ́ kúrò ní títa òrùka bọ́ sí títa ọ̀pá wúrà kò lè ṣe é láìsí ilé ìfowópamọ́ àti ìwé tó mọ́.

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá sì ní kí ẹ wá ra ọ̀pá wúrà, iye méjì ni kí ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan náà: èló lẹ̀ ń tà á, èló lẹ máa rà á padà lọ́wọ́ mi lónìí yìí? Ẹ béèrè ti gíráàmù kan, kí ẹ tún béèrè ti gíráàmù 10. Àlàfo ti kékeré máa ń fẹ̀ jù, torí owó rírọ àti owó ìdì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ńlá. Ẹni tó ra ẹyọ mẹ́wàá gíráàmù kọ̀ọ̀kan ti san àlékún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.