Ariwo Kọ́ Ló Ń Mú Ọ̀dọ́ Dúró Nínú Ìjọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ nínú ìpàdé àwọn olùdarí ọ̀dọ́ títí tí mo fi fẹ́ máa gbè é bí orin: "Bí kò bá sí eré, bí kò bá sí ariwo, àwọn ọmọ yìí ò ní wá." Ẹni tó ń sọ ọ́ a máa sọ ọ́ bí ẹni tó kà á nínú Bíbélì. Àwọn tó kù á ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó spíkà, owó iná aláràbarà, owó olórin tí wọ́n fẹ́ pè, títí kan owó aláwàdà.

Èmi náà gbà á gbọ́ rí. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lé mi lọ́wọ́, gbogbo owó tí ìjọ yà sọ́tọ̀ fún wa fún odindi ọdún ni mo fi ṣe alẹ́ kan ṣoṣo. Yàrá kún dẹ́nu. Àwọn tó wà lórí ìdúró pọ̀ ju àwọn tó rí àga lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn mọ́kànlá ló wá, mo sì mọ̀ dájú pé ìyá ló fa mẹ́rin nínú wọn wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye yẹn ló dùn mí jù. Lálẹ́ ọjọ́ ariwo náà, bí mo ṣe ń ká wáyà, ọmọbìnrin kan wá dúró tì mí, ó ní òun ti ń wá sí ẹgbẹ́ wa láti bí oṣù mẹ́ta. Mo bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Ó wò mí, ó dárúkọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. N kò rí i mọ́.

Ìgbàgbọ́ òdì tí mo fẹ́ tú palẹ̀ rèé: pé ìgbádùn ló ń mú ọ̀dọ́ dúró nínú ìjọ, àti pé ẹni tó bá mọ èrò pè ni ojúlówó olùdarí ọ̀dọ́. Kì í ṣe irọ́ pátápátá o. Eré a máa kó ènìyàn wá. Ibi tí àṣìṣe wà ni pé a ka wíwá àti dídúró sí ohun kan náà. Ohun tó fa ènìyàn wọlé kì í sábà jẹ́ ohun tó ń mú un jókòó.

Ìtàn tí wọ́n fẹ́ràn láti fi gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ ni ti Yùtíkù, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20. Pọ́ọ̀lù ń wàásù ní Tíróásì títí di ọ̀gànjọ́ òru, oorun gbé ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó lójú fèrèsé, ó sì ré bọ́ láti àjà kẹta. "Ẹ ò rí i," ni wọ́n máa ń wí, "ìwàásù gígùn ń pa ọ̀dọ́!" Ó dùn-ún fi ṣẹ̀fẹ̀, èmi náà ti fi ṣẹ̀fẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìyókù. Pọ́ọ̀lù sọ̀kalẹ̀, ó dà bo ọmọ náà, ó gbá a mọ́ra, ó ní kí wọ́n má bẹ̀rù, pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló padà gòkè, ó bu àkàrà, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò yí ètò padà nítorí Yùtíkù. Ó dá ìwàásù dúró ná, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ bá ẹnì kan ṣoṣo. (N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ wàásù di àfẹ̀mọ́júmọ́ o. Ẹ má fi mí kẹ́wọ́.)

Bí a bá sì wo ìtàn iṣẹ́ ọ̀dọ́ fúnra rẹ̀, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1844, George Williams, ọmọ ọdún 22 tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù, kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Gbogbo wọn kò ju méjìlá lọ. Àdúrà àti ẹ̀kọ́ Bíbélì ni wọ́n ń ṣe. Bí YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Kristẹni, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbọ̀ngàn eré ìdárayá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ̀ ọ́n lónìí, ẹ̀yìn ló dé.

Ìtàn Francis Clark ló wọ̀ mí lára jù. Pásítọ̀ ni ní ìjọ Williston, ní ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Maine, Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀dọ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Krístì nínú ìjọ rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù pé bí ooru ìsọjí bá lọ, àwọn náà á lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1881, ó pè wọ́n sílé ara rẹ̀, ó ka òfin ẹgbẹ́ kan tó kọ sílẹ̀ fún wọn. Òfin náà le. Ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ yóò máa wá sí ìpàdé àdúrà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, yóò sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ kópa níbẹ̀, àyàfi bí ó bá ní àwáwí tó lè gbé síwájú Olúwa. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọn á pe orúkọ, oníkálùkù á sì dáhùn fún ara rẹ̀. Nígbà tó kà á tán, gbogbo yàrá pa rọ́rọ́. Ẹ fojú inú wò ó: bí ẹnì kan bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá sí ìpàdé yín lónìí, ṣé ẹ ò ní sọ pé ńṣe ló fẹ́ lé àwọn ọmọ dànù? Àmọ́ wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ yẹn, Christian Endeavor, tàn ká ayé débi pé kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀ka rẹ̀ ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà púpọ̀.

Ohun tí mo máa ń padà sí nínú ìtàn yẹn ni àwọn ìgbìmọ̀ tó yàn. Ìgbìmọ̀ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wá ẹni tuntun, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ni wọ́n wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ni Clark gbé lé wọn lọ́wọ́, kò ní kí wọ́n wá jókòó wòran.

Wọ́n á ní: Jim Rayburn ńkọ́, ẹni tó dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Kristẹni tó ń jẹ́ Young Life sílẹ̀ ní Texas, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1941? Òótọ́ ni, ẹ̀rín àti orin kún ìpàdé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó fara wé e mú ẹ̀rín, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Ìyókù ni pé ó máa ń tọ àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn, ó ń bá wọn dọ́rẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n wà, kó tó di pé ó ní kí wọ́n wá gbọ́ ohunkóhun.

Láàárín ọdún 2002 sí 2003, Christian Smith, onímọ̀ nípa àwùjọ, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ ọdún 13 sí 17 tó lé ní 3,000 lẹ́nu wò ní Amẹ́ríkà lórí ìgbàgbọ́ wọn. Ohun tó hàn gbangba ni pé kò sí ẹni tí ipa rẹ̀ lórí ìgbàgbọ́ ọmọ tó ti òbí. Èkejì ló jẹ mí lọ́kàn jù: ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà kò lè fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé ohun tí wọ́n gbà gbọ́, ó sì jọ pé fún púpọ̀ nínú wọn, ìgbà yẹn ni àgbàlagbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan! Àwọn ọmọ tí wọ́n ti jókòó nínú ìjọ láti kékeré.

Kí la wá lè ṣe? Ìwé kékeré kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ orúkọ gbogbo wọn sí apá òsì. Ní apá ọ̀tún, mo kọ ohun kan tí mo mọ̀ nípa oníkálùkù tí kò kan ìjọ rárá: èyí ń múra ìdánwò, ti èyí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, èyí ń ya àwòrán sí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìtìjú bá mi. Orúkọ tí apá ọ̀tún rẹ̀ ṣófo pọ̀ ju èyí tó ní nǹkan lọ. Láti ọjọ́ náà, àwọn àyè tó ṣófo ni ètò ọ̀sẹ̀ mi.

Lẹ́yìn orúkọ, iṣẹ́ ló kàn. Mi ò sọ iṣẹ́ kí wọ́n máa gbé àga. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí ọmọ náà kò bá wá, ìjọ á mọ̀ pé kò wá: kíka Ìwé Mímọ́ níwájú gbogbo ìjọ, dídúró nídìí ẹ̀rọ, kíkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Wọ́n máa ṣe é kúdiẹ̀-kudiẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì kó gbogbo iṣẹ́ wọn sí yàrá ọ̀dọ́ nìkan, nítorí ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọ̀dọ́ tí kò mọ àgbàlagbà kankan nínú ìjọ yàtọ̀ sí olùdarí rẹ̀, ọjọ́ tí olùdarí náà bá kó lọ sí ìlú mìíràn ni òun náà á di aláìníjọ.

Àwọn kan gbà pé ọ̀dọ́ nìkan ló lè darí ọ̀dọ́, kó máa sọ èdè ìgboro wọn, kó máa wọ irú aṣọ wọn. Àgbà tó ń fi ipá sọ èdè ìgboro, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ ni o, ẹ máà tan ara yín. Ẹ wo Élì, àlùfáà inú Bíbélì tí ọmọdé Sámúẹ́lì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀: ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àwọn ọmọ tirẹ̀ gan-an ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Síbẹ̀ òun ló sọ fún Sámúẹ́lì ohun tó yẹ kó wí nígbà tí Olúwa tún pè é. Ìgbà mẹ́ta ni ọmọ yẹn jí i lóru, kò sì lé e dànù.

Ní ti ìbéèrè, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Jésù ọmọ ọdún 12 jókòó láàárín àwọn olùkọ́ nínú tẹ́ńpìlì, ó ń gbọ́, ó sì ń bi wọ́n léèrè. Ọ̀dọ́ tó bá bi yín pé "Báwo la ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni?" kò dẹ́ṣẹ̀. Ní ti òbí, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí wọn lẹ́yìn ìpàdé: ohun tí a kọ́ lónìí rèé, ìbéèrè kan tí ẹ lè bi ọmọ yín nílé rèé. Lóìsì, ìyá àgbà Tímótì, àti Yùníìsì, ìyá rẹ̀, ti kọ́ ọ kí Pọ́ọ̀lù tó pàdé rẹ̀.

Ibi tí ìgbàgbọ́ òdì yìí ti léwu gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí. Bó bá jẹ́ èrò la ń wá, ẹnikẹ́ni tó bá lè dẹ́rìn-ín pa ọmọ la ó gbé ọmọ lé lọ́wọ́. Ó lẹ́nu, ó mọ gìtá ta, àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé e kiri. Kí la tún ń wádìí? Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní ète burúkú lọ́kàn, fífa ọmọ mọ́ra ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń kọ́. Kí a tó fi ẹnikẹ́ni sídìí iṣẹ́ ọ̀dọ́, kó ti pẹ́ láàárín wa, kí a sì bi àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Níbikíbi tí ọ̀dọ́ bá wà, kí àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ má dín ní méjì. Bí ọmọ bá fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ àṣírí, ẹ jókòó síbi tí ojú àwọn mìíràn ti lè rí yín, tí etí wọn kò ní gbọ́. Àgbàlagbà kan àti ọmọ kan kò gbọ́dọ̀ máa kọ̀wé síra wọn lórí fóònù ní ọ̀gànjọ́ òru. Bí ọmọ bá sì ní, "Ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni," ẹ má ṣèlérí náà. Ẹ sọ fún un pé bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń pa á lára, ẹ ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè gbà á. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ìjọ ń fi àdúrà bò mọ́lẹ̀. Àwọn aláṣẹ tó ń dáàbò bo ọmọdé la ń gbé e lọ bá.

Lọ́dún kejì, owó ti tán, spíkà ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Mo mú ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀, tó máa ń jókòó nídìí ògiri lẹ́yìn, mo fún un ní ìwé orúkọ. Mo ní kó máa sàmì sí ẹni tí kò wá, kó sì wádìí wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi sàmì lásán, tó dá ìwé padà láìsọ nǹkan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo ń to àga nígbà tó wá dúró lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn mẹ́ta la ò rí. Mo ti pe méjì, àlàáfíà ni wọ́n wà. Ẹnì kẹta, ìyá rẹ̀ wà nílé ìwòsàn. Àwa mẹ́rin ń lọ síbẹ̀ báyìí. Ṣé ẹ ń bọ̀?"