Agbára iṣẹ́ màlúù: báwo la ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Zaria kọjá nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa á rí akọ màlúù méjì nínú àjàgà kan, tí wọ́n ń fa garmar shanu, irin tí àwọn Hausa fi ń kọ ebè. Àwa tá a wá láti ilẹ̀ igbó kò bá irú ẹ̀ dàgbà, torí eṣinṣin ìrù kì í jẹ́ kí màlúù ńlá gbádùn níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ Yorùbá bá wá dáko níhìn-ín, ó fẹ́ háyà màlúù, ìwo àti iké ló máa ń wò. Ìwo kọ́ ló ń fa irin.

Ipá ni ìwọ̀n ẹrù tí ẹran lè fà. Agbára iṣẹ́ ni ohun tá a rí tá a bá fi ìyára tó fi ń rìn sọ ipá yẹn di púpọ̀. Màlúù tó ń fa kùkùté tí kò mì lo ipá títí ó fi làágùn, síbẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ kankan.

Màlúù tó lera lè máa fa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo ara rẹ̀ fún wákàtí márùn-ún lóòjọ́. Bí irin bá kọ gbòǹgbò, ó lè fà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kò ní pẹ́. Ká ní Bunaji kan, màlúù funfun àwọn Fúlàní, wúwo tó 350 kg. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 35 kg. Ẹ fi 9.8 sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè di newton, òṣùwọ̀n ipá, kí ẹ sì fi mítà 0.8 tó ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan sọ ọ́ di púpọ̀: bíi 274 wáàtì, òṣùwọ̀n agbára iṣẹ́. Méjì nínú àjàgà kì í pé ìlọ́po méjì, torí ẹsẹ̀ wọn kì í ṣọ̀kan, 1.9 ni ká fi ṣírò, ó sì fún wa ní bíi 520 wáàtì. “Agbára ẹṣin” kan tí James Watt, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Scotland, gbé kalẹ̀ jẹ́ 746 wáàtì. Màlúù méjì kò tó ẹṣin kan nínú ìwé! (Ṣùgbọ́n ẹṣin wo ló ń ṣe iye yẹn láti àárọ̀ dalẹ́?)

Níbo la ti fẹ́ rí ìwọ̀n ní abúlé? Tépù télọ̀ ti tó. Ẹ wọn yíyípo àyà lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ wọn gígùn ara láti èjìká dé egungun ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi yíyípo sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 10,840 pín in. Àyà 160 àti gígùn 148 á fún yín ní bíi 350 kg.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni àkókò tí wọ́n wọn ẹran. Lẹ́yìn ìkórè, ó yó, ara rẹ̀ ń dán. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá fi máa rọ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ ti jẹ ẹ́ lára, ìgbà yẹn gan-an sì niṣẹ́ pọ̀ jù. Bí 350 yẹn bá di 300, bíi 450 wáàtì ni méjèèjì kù sí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń tọ́jú ewé ẹ̀pà gbígbẹ àti dusa, èérí ọkà, de oṣù kẹrin, kí wọ́n tó gbé àjàgà lé e lọ́rùn.