Bí Òpó Òkúta Íjíbítì Ṣe Dé Central Park

Lẹ́yìn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan, nínú ọgbà ìgbafẹ́ Central Park ní ìlú New York, òpó akọ òkúta olójú mẹ́rin kan wà tí ó ga tó mítà 21, tí ìwúwo rẹ̀ sì lé ní 200 tọ́ọ̀nù. Abẹ́rẹ́ Cleopatra ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ Fàráò Thutmose Kẹta ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ òun àti ìkejì rẹ̀ fún ìlú Heliopolis, ní nǹkan bí 1,400 ọdún kí wọ́n tó bí Cleopatra, ayaba Íjíbítì. Lẹ́yìn tí ayaba náà kú ni àwọn ará Róòmù kó méjèèjì lọ sí Alexandria, síwájú tẹ́ńpìlì tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ wọn. Ìkejì rẹ̀ ti dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1878. Ní 1879 ni ìjọba Íjíbítì fọwọ́ sí i pé kí Amẹ́ríkà gba èyí, William Vanderbilt olówó sì gbà láti san owó ìkẹ́rù.

Ohun tí ó ṣòro jù ni bí òkúta tí ó dúró yóò ṣe dùbúlẹ̀ láì dá sí méjì. Òkúta le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé tẹ̀. Bí a bá gbé e ní ìpẹ̀kun méjèèjì, tí àárín rẹ̀ kò sì rí ohun gbára lé, ìwúwo ara rẹ̀ lè ṣẹ́ ẹ. Henry Gorringe, ọ̀gágun ojú omi tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, wá ibi tí ìwúwo rẹ̀ ti dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀, ó fi irin dì í lámùrè níbẹ̀, ó sì gbé irin náà ka orí òpó irin ní ọ̀tún àti ní òsì, kí gbogbo òkúta lè yí lórí ojú kan ṣoṣo yẹn.

Ó ra ọkọ̀ Dessoug lọ́wọ́ ìjọba Íjíbítì. Dípò kí wọ́n gbé òpó náà gba òkè ọkọ̀ wọlé, wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò lójú omi, wọ́n dá ihò sí iwájú rẹ̀, wọ́n to ọta àgbá sábẹ́ òkúta kí ó lè máa yí lórí wọn, wọ́n fà á wọlé, wọ́n sì dí ihò náà padà. Ní July 1880 ni ó gúnlẹ̀ sí New York.

Ẹṣin 32 ni ó fa òkúta ìpìlẹ̀ tí òpó náà ń dúró lé, tí òun nìkan wọn nǹkan bí 50 tọ́ọ̀nù, la ìgboro kọjá. Òpó náà fúnra rẹ̀ ju agbára ẹṣin lọ. Wọ́n tẹ́ ojú irin sílẹ̀ fún un, ẹ̀rọ tí ń lo ooru omi gbígbóná sì ń wé ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ níwájú. Bí ẹ̀wọ̀n ti ń kúrú ni òkúta ń sún. Bí ó bá kọjá lórí irin kan, wọn yóò tú u lẹ́yìn, wọn yóò sì tún un tẹ́ síwájú. Ọ̀nà tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láàárín wákàtí kan, láti etí odò Hudson dé inú ọgbà, 112 ọjọ́ ni wọ́n fi gbà á. Sùúrù yìí yẹ kí a kan sáárá sí, nítorí pé òkúta náà dé láì ṣẹ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù January 1881, irin kan náà tí ó tẹ́ ẹ ní Alexandria ni ó gbé e dìde lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Ojú ọjọ́ ni kò sí ẹ̀rọ fún. Òpó yìí ti dùbúlẹ̀ sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Heliopolis, iyọ̀ sì wọ ara rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ Íjíbítì gbẹ, iyọ̀ náà kò yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin New York ń yọ́ iyọ̀ náà, bí ó bá sì tún gbẹ, yóò wú, yóò máa ṣí ojú òkúta ní ìpẹ́ ìpẹ́. Ní 1885, wọ́n fi iná yá ara rẹ̀, wọ́n sì fi ìda àbẹ́là kùn ún kí omi má baà wọlé mọ́. Àwọn ìpẹ́ tí ó ti ṣí tẹ́lẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nígbà iṣẹ́ náà, tòun ti àwòrán-ọ̀rọ̀ tí ó wà lára wọn. Ní 2014 ni àwọn alábòójútó ọgbà fi iná lésà fọ ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀, àwọn lẹ́tà ìgbàanì tí ó ṣẹ́kù sì tún hàn.